Nígbà tí mẹ́ta di àpótí ní Kigali

Tíṣà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí ní Ìbàràpá. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, wọ́n pè mí sí Kigali, olú-ìlú Rùwáńdà, kí n wá sọ̀rọ̀ níbi àpérò eLearning Africa. Láti ọdún 2006 tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe àpérò yìí ní Addis Ababa, orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn ló máa ń lọ. Ibẹ̀ ni àwọn olùkọ́, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àtàwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ti máa ń pàdé lórí bí a ṣe lè fi ìmọ̀-ẹ̀rọ kọ́ ọmọ Áfíríkà. Mi ò wọ ọkọ̀ òfurufú rí kó tó dìgbà náà. Mò ń kọ èyí fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí irú ìwé ìkésíni bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ lọ́wọ́ lọ́la, nítorí ohun tí mo kọ́ lójú ọ̀nà yẹn, owó àti omijé ni mo fi kọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi débẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù kẹta ọdún 2020 nítorí kòrónà, orí rédíò àti tẹlifíṣàn ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, àsìkò tí ètò náà bá ń lọ lọ́wọ́, oko ẹ̀gẹ́ ni ọ̀pọ̀ ọmọ máa ń wà pẹ̀lú òbí wọn, bí wọ́n bá sì wà nílé, iná lè má sí. Ohun tó wà ní gbogbo ilé ni fóònù onítọ́ọ̀ṣì tó ń gba mẹ́mọ́rì káàdì. Orin àti wáàsí ni wọ́n fi ń gbọ́. Mo bá tọ ọmọkùnrin kan lọ lẹ́bàá ọjà, tó máa ń gbé orin sí káàdì fún àwọn èèyàn. Mo ní, "Ọmọ mi, bí mo bá ka ẹ̀kọ́ ìṣirò sínú fóònù mi, ṣé wàá bá mi gbé e sórí káàdì àwọn òbí ọmọ kíláàsì mi?" Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣáà gbé e wá. Mi ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ àbúrò mi."

Ẹ̀kọ́ kan kì í ju ìṣẹ́jú méje lọ. Ìdá ni mo fi bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ìṣirò ti máa ń kọ́kọ́ dẹ́rù ba ọmọ. Màá ní kí ọmọ lọ mú àgbàdo sísè kan, kó ṣẹ́ ẹ sí ọ̀nà méjì tó dọ́gba, kó fún ẹni tó bá wà nítòsí ní ọ̀kan. Màá wá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ yẹn, mo máa ń ka ení dé ogún sínú, kí ọmọ lè rí àyè ṣe é kí n tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Bí ẹ bá tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa, ẹ ó gbọ́ àkùkọ aládùúgbò mi níbẹ̀. Yorùbá ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí a padà wọlé, àwọn ọmọ tó ti gbọ́ ọ ń pín bisikíìtì láàárín ara wọn ní ìdá mẹ́ta, ní ìdá mẹ́rin, wọ́n sì ń bá ara wọn jà bí kò bá dọ́gba. Inú mi dùn sí ìjà yẹn ju ohun tí mo lè sọ lọ. Iṣẹ́ tí wọ́n ní kí n wá ròyìn ní Kigali nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó yẹ kí n sọ ṣáájú. Àjọ kan nílé níbí ló ṣèlérí fún mi pé kí n ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí n san owó òtẹ́ẹ̀lì, kí n kó rìsíìtì wá, pé àwọn á san án padà. Mo gbà wọ́n gbọ́. Mo yáwó lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa. Nígbà yẹn, dọ́là kan ti ju 1,400 náírà lọ, owó oṣù mi kò sì tó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà, ká má tíì sọ ti òtẹ́ẹ̀lì. Lẹ́yìn tí mo dé, oṣù márùn-ún ni mo fi kọ lẹ́tà sí wọn kí wọ́n tó san ìdajì, èlé ẹgbẹ́ sì ń gorí owó lóṣooṣù. Ìdajì kejì kò tíì dé títí di òní. Ẹ̀yin ará mi, bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ gbé yín lọ sí àpérò, ẹ ní kó ra tíkẹ́ẹ̀tì náà fúnra rẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí yín. Bí kò bá lè ṣe é, ẹ bẹ̀ wọ́n kí ẹ ti ilé sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Olùkọ́ tó bá jẹ gbèsè nítorí àpérò, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló ń bá a san án, torí ara rẹ̀ ló máa wà lẹ́nu iṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀.

Ti ìwé ìrìnnà kò le. Rùwáńdà kì í gba owó físà lọ́wọ́ ọmọ Áfíríkà. Wọ́n wo ìwé ìrìnnà mi, wọ́n lu òǹtẹ̀, ó parí. Ẹ má ṣe gbàgbé káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, kí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ náà kó tó ku ọjọ́ mẹ́wàá tí ẹ ó lọ, torí bí ọjọ́ mẹ́wàá kò bá tíì pé, káàdì náà kò tíì lágbára. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti iná. Ṣájà wa ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹlẹbẹ kì í wọ ihò iná wọn. Ẹsẹ̀ méjì róbótó ni tiwọn. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dé, fóònù tí gbogbo ẹ̀kọ́ mi wà nínú rẹ̀ ti fẹ́ kú, mo ń ti ṣájà bọ ògiri, kò wọ̀ ọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì ló bá mi wá adápítọ̀ kan. A kò gbọ́ èdè ara wa. Mo kàn gbé ṣájà sókè, ó sì rẹ́rìn-ín, ó lọ, ó padà.

Ìyá mi ti di gàrí sínú ọ̀rá méjì fún mi, wọ́n ní àwọn ò mọ ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Láti ọdún 2008 ni Rùwáńdà ti fòfin de ọ̀rá. Obìnrin aṣọ́bodè kan rí i nínú ẹrù mi, ó fi sùúrù ṣàlàyé, ó ní kí n mú gàrí mi, kí n fi ọ̀rá sílẹ̀. Gèlè mi ni mo tú. Mo da gàrí sí i, mo so ó lókókó, mo gbé e mọ́ra bí ẹni gbé ọmọ. Nígbà tí mo jáde sí ìgboro, mo rí ìdí òfin náà. Orí òkè ni ìlú wọn wà, gọ́tà sì gba ẹ̀gbẹ́ títì sọ̀kalẹ̀, ó mọ́ láti òkè dé ilẹ̀, kò sí ọ̀rá kan tó dí omi lọ́nà. Mo rántí gọ́tà ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ọ̀kadà wọn náà, èrò kan ṣoṣo ló ń gbé, èrò náà á sì dé akoto. Lọ́nà, a máa ń gba iwájú gbọ̀ngàn ńlá Kigali Convention Centre, tí wọ́n ṣí ní 2016. Ààfin ọba àtijọ́ tó wà ní Nyanza, tí wọ́n fi koríko bò, ni wọ́n wò kí wọ́n tó ṣe òrùlé rìbìtì rẹ̀. Lálẹ́, iná aláràbarà á máa yí i po. Mo fẹ́ràn láti máa wò ó.

Níbi tí wọ́n pàtẹ ẹ̀rọ sí, ìbéèrè méjì ni mò ń bi gbogbo ẹni tó bá fẹ́ fi nǹkan hàn mí. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Bí ọmọ bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ṣé yóò gbọ́? Awò ojú tó ń mú ọmọ rí ìsàlẹ̀ òkun wà níbẹ̀. Rọ́bọ́ọ̀tì kékeré tó ń jó wà níbẹ̀. Wọ́n wù mí, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kìíní máa ń mú kí ọ̀rọ̀ wọ́n lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn, ìdáhùn wọn sí ìkejì sì ni pé kí n fi orúkọ àti nọ́ńbà mi sílẹ̀. Olùkọ́ kan láti Kenya ló fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, tó fi Kolibri hàn mí. Ọ̀fẹ́ ni. Àjọ Learning Equality ló ṣe é fún ibi tí íntánẹ́ẹ̀tì kò dé. Ẹ ó kó ẹ̀kọ́ sórí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níbi tí nẹ́tíwọ́kì wà, ẹ ó gbé e lọ sí abúlé. Kódà, ẹ lè gbé e sórí Raspberry Pi, kọ̀ǹpútà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kí fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì inú kíláàsì máa gba ẹ̀kọ́ lára rẹ̀ láìná kọ́bọ̀ dátà. Wákàtí kan tí mo lò lọ́dọ̀ olùkọ́ yẹn ṣe mí láǹfààní ju gbogbo àtẹ lọ. Bí ẹ bá débẹ̀, àwọn olùkọ́ ni kí ẹ máa wá kiri. Ẹ bá wọn jókòó nídìí oúnjẹ ọ̀sán. Àwọn ni wọ́n ti lo nǹkan náà níbi tí iná kò sí.

Ọjọ́ kejì ló kàn mí. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n fún mi. Nílé ni mo ti fi PowerPoint ṣètò iṣẹ́ mi, mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe yẹ, mo gbé e wá nínú fíláàṣì. Kọ̀ǹpútà inú gbọ̀ngàn ni gbogbo wa ń lò. Ojú ìwé kejì ni nọ́ńbà wà, láti ọ̀kan dé mẹ́wàá. Bó ṣe yọ lára ògiri, àyà mi já. Ọ̀kan ti fọ́. Méjì dúró. Mẹ́ta àti mẹ́rin, àpótí kékeré kan ti jókòó sáàárín wọn níbi tó yẹ kí àmì ohùn wà. Márùn-ún dúró. Mẹ́fà fọ́. Méje dúró. Mẹ́jọ, mẹ́sàn-án, mẹ́wàá, gbogbo wọn fọ́. Nínú mẹ́wàá, mẹ́ta péré ló yè.

Mo ti wá mọ ohun tó fà á, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó ń kọ Yorùbá mọ̀ ọ́n. Unicode ni ìlànà tí kọ̀ǹpútà gbogbo ayé fi ń dá lẹ́tà mọ̀. Ó fún ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún é náà ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́, tó ní àmì nísàlẹ̀ tó tún ní àmì lórí. Ńṣe ni kọ̀ǹpútà máa ń kọ ẹ, tí á wá mú àmì ohùn bí nǹkan ọ̀tọ̀, tí á gbé e lé e lórí. Bí fọ́ńtì, ìyẹn àwòrán lẹ́tà, tó wà lórí ẹ̀rọ náà kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e lé e, àmì á ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí. Ìdí tí méjì, márùn-ún àti méje fi yè nìyẹn: kò sí lẹ́tà tó gba àmì lókè àti nísàlẹ̀ nínú wọn. Àṣìṣe tèmi ni, torí mi ò dán an wò lórí ẹ̀rọ mìíràn rí. Bí ẹ bá parí iṣẹ́ yín, ẹ fi pamọ́ bíi PDF, èyí tó lè gbé fọ́ńtì dání lọ sí ibikíbi. Ẹ gbé e sórí fóònù ẹlòmíràn kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ fi ojú ara yín rí i. Ẹ dé gbọ̀ngàn ṣáájú àwọn èèyàn.

Lójú ẹsẹ̀ yẹn ṣá, mi ò mọ nǹkan kan nípa Unicode. Mo dákẹ́. Mo ka ení dé ogún sínú bí mo ṣe máa ń ṣe. Mo wá kúrò nídìí ẹ̀rọ, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ògiri mọ́. Ẹ gbọ́ mi." Mo gbé fóònù mi sẹ́nu makirofóònù, mo tan ẹ̀kọ́ ìdajì. Búrẹ́dì kan wà nínú àpò mi láti ìdí oúnjẹ àárọ̀. Mo gbé e fún ìyá kan tó jókòó síwájú, mo sì ń túmọ̀ ohun tí ohùn náà ń sọ fún un. Nígbà tó kan ìdákẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́. Àkùkọ aládùúgbò mi kọ, ní Kigali. Ìyá náà wo búrẹ́dì yẹn yí ká, ó wọ̀n ọ́n lójú, ó bù ú sí méjì, ó gbé ìdajì fún ọkùnrin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mo rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń ṣọ́ra kó lè dọ́gba, bí ọwọ́ àwọn ọmọ mi ṣe máa ń ṣọ́ra gan-an.

Bàbá kan dìde lẹ́yìn náà, ó béèrè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, bí mo bá ń fi èdè ilé kọ́ wọn, ṣé wọn kò ní gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì? Inú mi dùn pé wọ́n béèrè é. Mo sọ fún wọn nípa iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, tí olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yẹn kò gbẹ́yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, àti nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ wa fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́. Ní 2025, wọ́n fagi lé e. Ó dùn mí wọra. Àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ kì í ṣe òpè. Wọ́n mọ ìdá kí wọ́n tó mọ̀ pé bí wọ́n ṣe ń pè é ní Gẹ̀ẹ́sì nìyí.

Olùkọ́ kan láti Musanze, ní àríwá Rùwáńdà, ló dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n ṣàlàyé àwọn àmì orí lẹ́tà yẹn fún òun. Mo pe igba fún un, mo pe igbá, mo pe ìgbà. Ó ní èdè àwọn náà ń lọ sókè sódò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn kì í kọ àmì rẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé ojoojúmọ́. Ó wá kàwé fún mi ní Kinyarwanda: rimwe, kabiri, gatatu, kane, gatanu. A gba nọ́ńbà ara wa.

Òun ló mú mi lọ sí Gisozi kó tó di pé mo padà, ibi ìrántí àwọn Tutsi, ọ̀kan lára àwọn ẹ̀yà Rùwáńdà, tí wọ́n pa nípakúpa ní 1994. Èèyàn tó lé ní 250,000 ni wọ́n sin síbẹ̀. Mi ò lè kọ gbogbo ohun tí mo rí. Ohun kan ni n ó sọ, nítorí ó kan iṣẹ́ wa. Rédíò kan tí wọ́n ń pè ní RTLM, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1993, wà lára ohun tí wọ́n fi gbin ìkórìíra sọ́kàn àwọn èèyàn. Ó ń kọrin, ó ń ṣàwàdà, ó sì ń pe àwọn Tutsi ní aáyán. Ẹ̀rọ kékeré tó wà nínú ilé, ohùn tó dùn létí, èdè tí gbogbo èèyàn gbọ́: ohun tí mo ti ń yìn láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyẹn. Mo jókòó nínú ọgbà wọn, mi ò lè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ náà jókòó tì mí, òun náà kò sọ nǹkan kan. Láti ọjọ́ náà, mi ò gbé ohùn kankan sórí káàdì ọmọ mọ́ láìjẹ́ pé òbí méjì gbọ́ ọ tán lójú mi. Mo máa ń sọ orúkọ mi, ilé-ẹ̀kọ́ mi àti ọjọ́ tí mo kà á níbẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà bá kọ lóminú lè mọ ibi tí yóò ti wá mi.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti dé kí ohùn kan tó wọlé sórí WhatsApp mi láti Musanze. Mo gbé e lọ sí kíláàsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tàn án, àwọn ọmọ sún mọ́ mi. Ohùn ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ní Kinyarwanda. Mo gbọ́ kabiri, mo mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ló dákẹ́. Nínú ìdákẹ́ náà, ewúrẹ́ kan ké lọ́nà jíjìn.

Ọmọkùnrin kan ní, "Àǹtí, kí ló sọ?" Mo ní mi ò gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó jókòó síwájú kò tiẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Ó ní ká pín in ni." Ó ti yọ bisikíìtì jáde, ó ń wá ibi tí àárín rẹ̀ wà.